Ṣé Dandan Ni Kí A Wẹ Ológbò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, títí a ó fi gbé ológbò dé ẹ̀bá báàfù. Níbẹ̀ ni ẹranko tí ó ń sùn jẹ́jẹ́ lórí àga yóò ti di ọmọ ẹkùn. Yóò yọ èékánná, yóò fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di etí báàfù mú, igbe rẹ̀ yóò sì jí ará ilé kẹta. Ẹni tí ó dì í mú yóò jáde bí ẹni tí ó bá igi ẹlẹ́gùn-ún jìjàkadì, ológbò náà yóò sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ nìyí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan. Igando ni mò ń gbé, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó gba yàrá sí. Láyé àwọn òbí wa, nítorí èkúté ni a ṣe ń sin ológbò. Kò sí ẹni tí ó ń bu omi ìwẹ̀ fún un. Lónìí, a ti rí i lórí fóònù bí àwọn ará òkè òkun ṣe ń fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ ológbò wọn, àwa náà sì ti gbé báàfù kalẹ̀. Èrò tèmi ni pé ológbò tí ara rẹ̀ dá kò nílò ìwẹ̀ wa, àti pé ohun tí a ń dà sínú omi ìwẹ̀ náà burú ju omi fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ó fi ń jà. Ìwádìí àwọn onímọ̀ fi hàn pé láti ara ológbò ìgbẹ́ kan ní Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní Felis lybica, ni ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá. Ilẹ̀ gbígbẹ kò ṣàjèjì sí ẹranko yìí, kò sì ní ohun púpọ̀ í bá odò ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, irun ológbò máa ń fa omi mu. Bí ó bá ti rin, ara rẹ̀ á wúwo, òtútù á mú un, kò sì ní lè sáré bó ṣe yẹ bí ewu bá dé. Báàfù ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí ibi dúró, ẹni tí ó fọkàn tán ló tún dì í mú yìí. Ta ni nínú wa tí kò ní jà?

Ohun kejì ni pé ológbò ti wẹ̀ kí a tó dé. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe; ní ti ológbò, ahọ́n ni. Ẹni tí ológbò bá ti lá lọ́wọ́ rí mọ̀ pé ahọ́n rẹ̀ kò yàtọ̀ sí sáńpépà káfíńtà. Ní 2018, Alexis Noel àti David Hu ti Georgia Tech ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn ẹ̀gún wẹ́wẹ́ orí ahọ́n náà ní ihò lórí, bí ṣíbí kékeré. Wọn a máa fi bu itọ́ láti ẹnu, wọn a sì gbé e wọ inú irun títí dé awọ ara. Bákan náà ni ti ẹkùn àti kìnnìún rí. Ẹranko tí Ọlọ́run fi kànrìnkàn àti omi sí lẹ́nu, ìwẹ̀ wo ni a tún fẹ́ wẹ̀ fún un?

Àwọn kan yóò ní Igando kì í ṣe Amẹ́ríkà, pé ta ló mọ ibi tí ológbò ti ń bọ̀? Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé dà nù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi da ìdọ̀tí Èkó sí àkìtàn Solous ní àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá kan ológbò lẹ́sẹ̀, aṣọ tí a fi omi rẹ tó láti nù ún. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa pàápàá mọ̀ pé ẹ̀sìn wọn kò ka ológbò sí aláìmọ́. Omi tí ó bá mu kù ṣeé fi ṣe àlùwàlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹkún nìyí. Mo rí ìyá kan ní àdúgbò wa tí ó da Izal sínú omi ìwẹ̀ kí eégbọn lè kúrò lára ológbò rẹ̀. Kò ro ibi. Ohun tí ó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, ó rò pé yóò fọ ẹran mọ́ ni. Ológbò jókòó sínú oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Kí ó tó di alẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbọ̀n, kò lè dúró mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é. Ayé kọ́, ohun tí a dà sí i lára ni ó lá mì.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Izal àti Dettol ní irú kẹ́míkà tí a ń pè ní phenol nínú. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ní èròjà tí ó ń sọ irú májèlé bẹ́ẹ̀ di ohun tí yóò bá ìtọ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní in tó. Ìdí kan náà ni wóró Panadol kan ṣoṣo fi lè pa á. Oògùn eégbọn ajá tí ó bá ní permethrin nínú lè pa á pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ ṣe ajá ní nǹkan. Kẹrosíìnì ń bó o lára, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ohun tí a kò lè fún ológbò mu, kí a má ṣe dà á sí i lára.

N kò sọ pé kí a má wẹ ológbò láéláé. Bí ọ́ìlì ọkọ̀ bá dà sí i lára ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, dandan ni kí a fọ̀ ọ́ kí ó tó lá a. Bí dókítà ẹranko bá fún un ní oògùn ìwẹ̀, tàbí bí ó bá ti darúgbó tí kò lè lá ẹ̀yìn ara rẹ̀ mọ́, a lè wẹ̀ ẹ́. Kí èèyàn méjì ṣe é. Kí a tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sí ìsàlẹ̀ báàfù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rí ibi dúró. Kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má jìn, kí a má sì dà á sí i lórí. Ọṣẹ díẹ̀ tí kò le ti tó; kí a ṣan án dáadáa, kí a sì nù ún gbẹ. Ẹni tí ó bá bù jẹ tàbí tí ó ha lára, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ológbò náà lè kó àrùn dìgbòlugi.

Bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté. Láti 1969 tí a ti kọ́kọ́ mọ ibà Lassa, ní ìlú Lassa ní Borno, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti bá a lọ ní ilẹ̀ wa, èkúté ló sì ń gbé e wọlé. Ológbò kan kò lè pa gbogbo èkúté Igando tán, kò sì sọ pé kí a má bo oúnjẹ wa. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ọwọ́ ara wa pa ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé, kí a sì pe ikú náà ní ìmọ́tótó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwa la kàwé ní àgbàlá tí a ń gbé. Bí a bá rí màmá tí ó ń da Izal sí omi ológbò, kí a kúnlẹ̀ kí i, kí àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí a sì wí fún un pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, yóò lá a.” Gbólóhùn kan yìí tó láti gba ẹ̀mí là.