Baffle márùn-ún nínú páálí kan: ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jà

Ọ̀rọ̀ ọjà la mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ó kan etí pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de ọ̀rọ̀ ìlera má tíì pa rédíò.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan ló ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn ìkórè àgbàdo. Mi ò ní dárúkọ abúlé wọn. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi dá owó, wọ́n kó 75,000 fáránkì jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra baffle, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní sípíkà, tí gbogbo ẹgbẹ́ á máa fi gbọ́ rédíò, tí wọ́n á sì máa fi gbádùn orin bí ètò bá parí. Wọ́n rán ọmọkùnrin kan nínú àwọn ọmọ wọn lọ sí ìlú ńlá. Home cinéma ló gbé bọ̀: baffle kéékèèké márùn-ún àti àpótí ńlá kan tó ń dún gbì-gbì, gbogbo rẹ̀ nínú páálí kan, wọ́n sì kọ 5,000 watt gàdàgbà sí ara páálí náà. Wọ́n fi wáyà so wọ́n káàkiri ògiri. Ìdún gbì-gbì náà dé àdúgbò kejì, inú gbogbo wọn dùn.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì wá sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí rédíò wa, ó ní Ọjọ́rú ni kí wọ́n gbé àwọn ọmọ wá. Àwọn tó jókòó níwájú gbọ́ Ọjọ́rú. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ "Ọjọ́", ìyókù sì wọnú gbì-gbì lọ. Ìyá mẹ́ta ló gbé ọmọ pọ̀n ní Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n rin ìrìn àárọ̀ débẹ̀, tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni.

Ni wọ́n bá bi mí pé: ṣé ayédèrú la rà ni?

Rárá. Ẹ̀rọ yín ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Iṣẹ́ ọ̀hún ni kì í ṣe tiyín. Fíìmù ni wọ́n ṣe home cinéma fún. Àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń pín ohùn rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀: ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré gba àárín, orin gba ọ̀tún àti òsì, òjò àti mọ́tò tó ń kọjá gba ẹ̀yìn yín. Ohun tí wọ́n ń pè ní 5.1 nìyẹn, ọ̀nà márùn-ún, àti ẹyọ kan fún ohùn tó wà nílẹ̀ pátápátá. Mo wo ọ̀kan rí nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ nínú fíìmù náà, mo yíjú wẹ̀yìn wò bóyá aṣọ mi wà níta. Mi ò ní purọ́, ó dùn.

Ṣùgbọ́n orin ńkọ́? Ọ̀nà méjì péré ló pọ̀ jù lára orin tó wà nínú clé USB yín, ọ̀tún àti òsì. Stéréo nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwo àpàlà àti sákárà ayé àwọn bàbá wa kò tilẹ̀ tó méjì, ọ̀nà kan ni wọ́n gbà á sí. Orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ẹ fi téléfóònù gbà lálẹ́, lójú agbo, ohun tí ihò téléfóònù kan gbọ́ náà ni. Bí ẹ bá wá fi irú orin bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ oníbaffle márùn-ún, ẹ̀rọ náà á tún ohun kan náà sọ ní ẹ̀yìn, tàbí kó máa méfò. Ọbẹ̀ ẹni méjì ni a bù sí abọ́ márùn-ún. Abọ́ pọ̀ sí i, ọbẹ̀ ò pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká tún fi owó yín ṣírò. 75,000 pín sí ọ̀nà mẹ́fà, 12,500 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ò tíì yọ ti ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, wáyà, páálí aláràbarà, àti èrè ẹni tó tà á. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí pépà inú rẹ̀ kò ju ẹnu ife tíì lọ. Pépà kékeré kò lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀, nítorí náà kò lè gbé ohùn tó rẹlẹ̀. Wọ́n wá gbé ohùn yẹn fún àpótí ńlá. Àpótí ńlá sì ń kígbe tirẹ̀, kò mọ ohun tó wà láàárín. Ihò kan wà níbẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Inú ihò náà gan-an ni àyà ohùn ọkùnrin wà, ibẹ̀ náà ni ìyáàlù àti gángan ti ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fi ń dán baffle wò nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ má lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú orin tí ẹ mọ̀ dunjú lọ nínú clé yín, èyí tí gángan ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fi ẹnu pè tẹ̀lé e. Bí òǹtajà bá fi orin tirẹ̀ sí i, tó ń dún gbì-gbì, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní kó fi tiyín sí i. Kí ẹ ní kó dín bass kù sí àárín. Lẹ́yìn náà, ẹ sún sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà bútíìkì. Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ohun tí gángan ń wí? Ṣé àmì ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe yẹ, àbí ó ti di ẹ̀wù kan ṣoṣo? Baffle tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ gángan kò lè sọ Ọjọ́rú. Bí òǹtajà bá kọ̀ pé òun ò ní tan iná, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ti watt yẹn, ẹ má fi ojú páálí rà á. Bí ẹ bá rí lẹ́tà PMPO lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ńlá, ẹ kọjá lára rẹ̀, ìpolówó ni. RMS ni kí ẹ wá, agbára tí ẹ̀rọ lè gbé fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Ẹ tún yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà, wọ́n máa ń kọ iye iná tó ń jẹ síbẹ̀. Bó bá ń jẹ 60 watt láti ara ògiri, níbo ló ti rí 5,000 tó fẹ́ fi kígbe? Ta ló fa korobá omi kan nínú kànga tó fi kún àgbá mẹ́wàá? Kí ẹ tún mọ̀ pé kí etí tó gbọ́ ohùn bíi pé ó di ìlọ́po méjì, agbára ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. 30 watt òótọ́ àti 40 watt òótọ́, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí ẹni tí owó rẹ̀ kéré ra méjì tó dáa. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rédíò ni ẹgbẹ́ fẹ́ gbọ́ jù, kódà ẹyọ kan tó wúwo, tó ní bátìrì nínú, sàn ju márùn-ún lọ. Tòkúnbọ̀ náà wà, mo sì fẹ́ràn wọn, baffle onípákó àtijọ́ tó wúwo bí àpò àgbàdo. Ṣùgbọ́n ẹ yọ aṣọ iwájú rẹ̀ kí ẹ wo etí pépà yíká. Bó bá jẹ́ fóòmù ni wọ́n fi ṣe etí náà, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń jẹ ẹ́, ẹ ó fọwọ́ kàn án, á máa ya bí àkàrà gbígbẹ. Èyí tó jẹ́ rọ́bà máa ń pẹ́ jù ú lọ. Bí ẹ bá délé, ẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì, kí wọ́n ga tó etí ẹni tó jókòó, kí wọ́n jìnnà síra bí ẹ ṣe jìnnà sí wọn. Ẹ má tì wọ́n sí kọ̀rọ̀ ògiri, kọ̀rọ̀ ló ń sọ ohùn di gbì-gbì.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní orin láìsí gbì-gbì kì í ṣe orin. Ẹ̀yin àbúrò mi, mo gbọ́ yín. Bí ẹ bá wà nínú ẹ̀ tí ẹ ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ohùn yẹn ti pọ̀ jù fún etí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 80 décibel kò gbọ́dọ̀ ju 40 wákàtí lọ lọ́sẹ̀. Bó bá fi décibel mẹ́ta lé, àkókò yẹn á dín sí ìdajì. Irun tín-ín-tín tó ń gbọ́ ohùn nínú etí, bó bá ti kú, kì í hù mọ́. Mo sì ti rí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ baffle níbi ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n ní ó ń sùn.

Ní ti ẹgbẹ́ àwọn ìyá yẹn, òǹtajà ò gba ọjà rẹ̀ padà. Mo ní kí wọ́n tú àwọn baffle mẹ́ta ẹ̀yìn àti àárín sílẹ̀, kí wọ́n yí ẹ̀rọ sí stéréo, kí wọ́n gbé méjì iwájú sórí tábìlì, kí wọ́n sì dín bass kù títí tí wọ́n á fi gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó sàn díẹ̀. Wọ́n ti tún ń dá 500, 500. Wọ́n ní kí n bá wọn lọ sọ́jà lọ́tẹ̀ yìí, mo sì ti fi clé mi sínú àpò.