Ẹni tó kó ọmọ ọlọ́mọ gun òkè, ṣé ó mọ bó ṣe máa gbé e sọ̀ kalẹ̀?

Bí ilé-ìwé bá ti kọ lẹ́tà sáwọn òbí pé àwọn ọmọ ń lọ sí ẹkisikọ́ṣàn, nǹkan mẹ́ta làwọn òbí máa ń béèrè. Èló lowó ẹ̀? Aago mélòó ni wọ́n máa dé? Irú oúnjẹ wo ni kí wọ́n dì fọ́mọ? Bí wọ́n bá ti gbọ́ èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó parí nìyẹn, wọ́n á fọwọ́ síwèé, ìyá ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í din ẹran. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìkẹrin, ìyẹn ni pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí lórí òkè, ta ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó rí dókítà? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyẹn gan-an ni bàbá ìbéèrè.

Ẹ wo Òkè Ìdànrè nípìnlẹ̀ Oǹdó. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gùn níbẹ̀ lé ní 600. Ẹni tó bá gùn ún dókè á rí ìlú àtijọ́ táwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ká wá ní tíṣà kan kó 40 ọmọ lọ síbẹ̀. Wọ́n ti dókè, wọ́n ti ya fọ́tò, inú kálukú ń dùn. Ni ọmọkùnrin kan bá fò láti orí àpáta kan sí èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ojúgun rẹ̀ kán. Kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ariwo ni. Ẹnì kan á ní kí wọ́n da omi sí i lórí. Òmíì á ní kí wọ́n fa ẹsẹ̀ ọ̀hún nà. Ẹni kẹta á ti kúnlẹ̀ àdúrà, tíṣà á sì máa na fóònù sókè bóyá á rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tó bá yá, géńdé kan á gbé ọmọ pọ̀n, ẹsẹ̀ tó kán á máa fì dirodiro lórí àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Eegun tó kán sínú lásán lè ti gún ara jáde kí wọ́n tó débi tí bọ́ọ̀sì wà. Wọn ò ṣe é níkà o, àìmọ̀ ni.

Àwọn tó ń kó èèyàn wọ aginjù lókè òkun ti rí i tipẹ́ pé fọ́ọ̀sì éèdì ti ìgboro yàtọ̀ sí tinú igbó. Nígboro, ẹni tó ń ṣèrànwọ́ kò níṣẹ́ ju pé kó mú nǹkan mọ́ra fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọkọ̀ ọsibítù tó dé. L'Ékòó, èèyàn lè pe 767 tàbí 112. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti ju wákàtí kan lọ sí ọsibítù, igbó ni wọ́n ń kà á sí nínú ẹ̀kọ́ yìí, torí ẹni tó wà níbẹ̀ lè tọ́jú èèyàn fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, ó sì lè di ọjọ́ kejì. Ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1970 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní SOLO ti ń kọ́ni nírú ẹ̀. NOLS náà, tí Paul Petzoldt dá sílẹ̀ lọ́dún 1965, ń kọ́ni. Èyí tó kéré jù jẹ́ wákàtí 16, ọjọ́ méjì péré. Ẹni tó bá fi kíkó èèyàn kiri inú igbó ṣiṣẹ́ jẹun máa ń ṣe èyí tó jẹ́ wákàtí 70 sí 80.

Ká ní tíṣà wa ti ṣe tọjọ́ méjì yẹn, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ì bá ṣe rí. Kò ní í sáré. Á kọ́kọ́ wo àpáta náà kí òun náà má yọ̀ ṣubú. Á ní kí tíṣà kejì kó àwọn ọmọ tó kù jókòó síbì kan. Á wò ó bóyá ọmọ ń mí dáadáa, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà, bóyá orí tàbí ọrùn rẹ̀ gbá àpáta. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, á fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí, kò ní í máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn náà ló máa wá igi méjì, á fi aṣọ wé e kó má gún ọmọ, á dì í mọ́ ẹsẹ̀ láti òkè orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Á fọwọ́ kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó dè é, á tún kàn án lẹ́yìn tó bá dè é tán. Bó bá ń tutù, tàbí ọmọ ní òun ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ó ti le jù, á tú u díẹ̀. Á rán ẹni méjì, kì í ṣe ẹnì kan, lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀ sí. Igi gígùn méjì àti aṣọ tó nípọn, sítírẹ́ṣà dé nìyẹn.

Ti ejò ló tún burú jù. Bí ejò bá bu èèyàn jẹ nínú igbó, àwọn kan á fokùn dì í pinpin, wọ́n á fi abẹ sín ibẹ̀, wọ́n á fẹnu fà á, wọ́n á fi òkúta dúdú lé e. Gbogbo ẹ̀ ló léwu. Okùn tó le lè mú kí ẹsẹ̀ kú, abẹ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má dá mọ́. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n kúrò nítòsí ejò, kí wọ́n má lé e, kó má lọ bu ẹlòmíì jẹ. Kí wọ́n bọ́ òrùka àti bàtà kó tó wú, kí wọ́n fi igi de ẹsẹ̀ náà kó má mira, kí wọ́n gbé ẹni náà, kó má fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn, ó di ọsibítù tó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Lọ́dún 2017 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn tí ayé ti pa tì.

Ilé sì lọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, omi tútù àti òùngbẹ lè gbé ìrora dìde sí i, ìṣàn omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tó dùn mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lè di wàhálà fún un. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, kí ni oògùn tó ń fà símú máa ṣe fún un bó bá wà nínú báàgì nísàlẹ̀ òkè? Olórí tó mọṣẹ́ á ti béèrè kí wọ́n tó gbéra.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà òyìnbó nìyẹn. Láti 1915 ni Sikáòtù ti wà ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1951 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Man O' War Bay, wọ́n sì ní ilé-ẹ̀kọ́ orí òkè ní Shere Hills lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ Rẹ́ẹ̀dì Kírọ́ọ̀sì wà níbí tó ń kọ́ni ní fọ́ọ̀sì éèdì. Ilé-ìwé tó bá rówó tẹ orúkọ ara ẹ̀ sára fìlà àti pólò fún ẹkisikọ́ṣàn, owó tó máa fi rán tíṣà méjì lọ kọ́ṣẹ́ kò lè wọ́n ọn. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn wòlíì tó ń kó ìjọ lọ sórí òkè àdúrà lóru pẹ̀lú. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹsẹ̀ wà láàárín àwọn tó ń ṣe àmín.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí lẹ́tà bá tún dé, ẹ má tí ì fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè pé ta ló kọ́ fọ́ọ̀sì éèdì nínú wọn, ìgbà wo ló kọ́ ọ, ọsibítù wo ló sún mọ́ ibẹ̀, àti ọkọ̀ wo ló máa dúró dè wọ́n. Bí pírínsípà bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.