Kí Ìjọ Jáwọ́ Nínú Àyẹ̀wò HIV Tipátipá

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá, pásítọ̀ kò ní so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ bí wọn kò bá mú èsì àyẹ̀wò HIV wá. Òbí rò pé ààbò ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é yìí, ìfọ̀kànbalẹ̀ asán ni, ó sì yẹ kí ìjọ jáwọ́ níbẹ̀.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe, irú Determine tó wọ́pọ̀ nílé ìwòsàn wa, kì í wá HIV, kòkòrò apa-sójà-ara, fúnra rẹ̀. Ohun ìjà tí ara pèsè láti bá a jà ló ń wá, ara kì í sì í pèsè ìyẹn lọ́jọ́ kan. Ó lè gba ọjọ́ 23, ó sì lè tó 90, kí àyẹ̀wò tó rí i. Èyí tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan fún, tó ń wá apá kan lára kòkòrò náà mọ́ ohun ìjà ara, máa ń rí i láàárín ọjọ́ 18 sí 45. Ọkọ ìyàwó tó kó o ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àyẹ̀wò yóò gba ìwé pé kò ní nǹkan kan. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn gan-an sì ni kòkòrò máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì tètè ń ran ẹlòmíì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ HIV nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń bèèrè? Sífílísì lè lò tó oṣù mẹ́ta kó tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa ọmọ inú. Kìlàmídíà kì í ro ọ̀pọ̀ obìnrin rárá, bẹ́ẹ̀ ó lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Ìjọ tó ń fi òru ṣọ́nà gbàdúrà fún àgàn kò ní kí ẹnikẹ́ni yẹ ìtọ̀ wò fún kìlàmídíà!

Àwọn kan á ní àyẹ̀wò náà ti gba ẹ̀mí là. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn HIV dáadáa, tí kòkòrò kò hàn mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í kó o ran olólùfẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìjọ lè tú àdéhùn ìgbéyàwó rẹ̀ ká. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2014 kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ fi àyẹ̀wò HIV dí ènìyàn lọ́nà iṣẹ́. Ta ló wá fún pásítọ̀ láṣẹ? Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti sọ fún ayé ní 1997 pé éèdì, àrùn tí HIV ń fà, ló pa Fẹlá olórin, àbúrò òun, ẹbí ló fẹnu ara wọn sọ ọ́, kì í ṣe ìjọ.

Kí àwọn méjèèjì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láìfi ara wewu láàárín rẹ̀, kí èsì sì wà lọ́wọ́ wọn nìkan. Ní kíláàsì ìgbéyàwó, kí olùkọ́ sọ ọ́ kedere: ẹni tí kọ́ńdọ̀mù bẹ́ mọ́ lára, tàbí tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, kó sáré dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí oògùn ìdènà HIV, tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ 28, gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé.