Bátìrì Tó Kú, Májèlé Rẹ̀ Kò Kú

Bátìrì inú tọ́ọ̀ṣì, rédíò, rìmóòtù àti ohun ìṣeré ọmọdé kéré lójú, ṣùgbọ́n nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣòfin lé e lórí. Mákúrì, kádímíọ́mù àti òjé ni òfin náà ń bá wí jù lọ. Kò sí èyí tó ń jẹrà nínú wọn. Bí bátìrì bá dípẹtà lórí ààtàn, òjò á gbá wọn wọlẹ̀, wọ́n sì lè dé inú kànga. Bí wọ́n bá dáná sun ààtàn, mákúrì á bá èéfín gòkè. Mákúrì a máa ba ọpọlọ jẹ́, pàápàá ti ọmọ inú oyún. Kádímíọ́mù ń ba kíndìnrín àti eegun jẹ́, òjé kì í sì í jẹ́ kí ọpọlọ ọmọdé jí pépé.

Mákúrì ni òfin kọ́kọ́ dojú kọ. Síńkì inú bátìrì a máa dípẹtà fúnra rẹ̀, á máa tú gáàsì sílẹ̀ títí bátìrì á fi wú, tí omi rẹ̀ á sì jò. Mákúrì díẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe é máa ń pò mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kó má baà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òfin bẹ̀rẹ̀ sí í fún mọ́ wọn lọ́rùn, síńkì tó mọ́ gaara ni wọ́n fi rọ́pò, bátìrì sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ohun tó dà bí dandan tẹ́lẹ̀ kò wá jẹ́ dandan mọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1996 ni Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tó ní kí wọ́n yé fi mákúrì sínú bátìrì lásán ní Amẹ́ríkà. Irú kan lára èyí tó rí róbótó bíi bọ́tìnnì ṣì lè ní díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 25 lọ. Òfin kan náà ní kí bátìrì tó ṣeé ṣáàjì, tó ní kádímíọ́mù tàbí òjé, ní àkọlé lára, kó sì rọrùn láti yọ kúrò nínú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yíyọ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí bátìrì tí kò ṣeé yọ, odindi ẹ̀rọ ni wọ́n á bá a jù nù. Yúróòpù náà ti gbọ́n sí i: láti oṣù Kejì ọdún 2027, bátìrì kéékèèké gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó ń lò ó. Ní Britain, ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta kílógíráàmù 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dún gbọ́dọ̀ gba èyí tó ti kú padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ kò ní àwáwí láti jù ú sínú pàǹtírí.

Àdéhùn Minamata ló sọ ọ̀rọ̀ mákúrì di ti gbogbo ayé. Minamata ni ìlú ilẹ̀ Japan tí ilé iṣẹ́ kan ti da mákúrì sínú òkun, ẹja jẹ ẹ́, ènìyàn jẹ ẹja, àìsàn sì hàn ní 1956. Nàìjíríà wọnú àdéhùn náà ní 2018. Láti 2020 ni kò ti yẹ kí orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ ṣe bátìrì olómákúrì tàbí kó irú rẹ̀ wọlé, àfi ìwọ̀nba irú bọ́tìnnì kan tí wọ́n fàyè gbà títí di 2025. Nílé, NESREA ni àjọ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, òfin àkóso bátìrì sì jáde ní 2024.

Ṣùgbọ́n òfin kì í bá onílé dé ìdí ààtàn. Ọ̀pọ̀ àgbà ló rántí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fọ́ bátìrì tó ti kú, tí wọ́n ń gún dúdú inú rẹ̀ mọ́ ewé láti fi kun pátákó ìkọ̀wé. Àwọn mìíràn ń fi eyín tẹ̀ ẹ́ kó lè tún gbéná díẹ̀. Òjé àti kádímíọ́mù díẹ̀ wà nínú síńkì ayé ìgbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ra bátìrì, kó wo ara rẹ̀: Hg ni mákúrì, Cd ni kádímíọ́mù, Pb ni òjé. Bí àwòrán garawa ìdalẹ̀ tí wọ́n fagi lé bá wà níbẹ̀, kò yẹ kó bá pàǹtírí lọ. Inú ike gbígbẹ ni kí wọ́n kó èyí tó ti kú sí, kí wọ́n fi sẹlotépù bo ẹnu bátìrì lítíọ́mù, nítorí ó lè gbiná nínú ọkọ̀ akólẹ̀, kí wọ́n sì fà wọ́n lé ẹni tó ń kó wọn jọ fún àtúnlò lọ́wọ́.

Ewu bátìrì tó rí bíi bọ́tìnnì ló lágbára jù fún ọmọdé. Ní 2022, Amẹ́ríkà fi orúkọ Reese, ọmọ oṣù 18 tó kú lẹ́yìn tó gbé e mì, sọ òfin tó ní kí ìdérí bátìrì nira fún ọmọdé láti ṣí. Bí ó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, iná inú rẹ̀ lè jó ẹran ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ náà ní epo pupa, kó má sì fipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.