Ọ̀pọ̀ oògùn kì í dé inú ewé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tòmátì, ẹ lọ sí oko yín, kí ẹ já ewé kan tí àmì funfun wà lára rẹ̀. Ẹ gbé e sókè kí oòrùn tàn sí i. Kí ni ẹ rí? Ìdin kékeré kan wà láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé náà. Ó ń jẹ inú ewé, ó sì ń yàgbẹ́ dúdú sẹ́yìn ara rẹ̀. Ọmọ àfòpiná ni. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Tuta absoluta.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ó dé Sípéènì ní 2006, ó kọjá sí Áfíríkà, ó sì ti wà ní Benin báyìí. Ní 2016, ó ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná, ní Nàìjíríà, débi tí ìjọba ibẹ̀ fi kéde pàjáwìrì.

Ìyá rẹ̀ kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Òru ni ó ń fò. Ọ̀kan ṣoṣo lè yé tó ẹyin 260. Lẹ́yìn bí ọjọ́ 5, ẹyin a pa, ìdin a wọ inú ewé. Yóò jẹun níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 2. Ó ń wọ inú èso pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ wọn a já bọ́ sílẹ̀, wọn a sùn sínú erùpẹ̀ fún bí ọjọ́ 10, wọn a sì di àfòpiná. Nínú ooru ilẹ̀ wa, gbogbo rẹ̀ lè má ju oṣù kan lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń fọ́n oògùn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. N kò bú yín. Ta ni yóò rí oko rẹ̀ tó ń gbẹ tí yóò jókòó? Ṣùgbọ́n ara awọ ewé ni ọ̀pọ̀ oògùn ń dúró sí, inú ni ìdin wà. Èyí tó sùn sínú ilẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀. Èèrà àti àwọn kòkòrò mìíràn tí ń bá wa jẹ ẹyin rẹ̀ ni ẹ ń pa. Oògùn òwú ni ó burú jù. Ó pa ènìyàn ní Borgou ní 1999. Ẹ má gbé e dé ìdí ohun tí ọmọ yín yóò jẹ.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ máa já ewé tó ní àmì, kí ẹ dì í sínú àpò ọ̀rá, kí ẹ so ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú oòrùn. Bí ẹ bá kórè tán, ẹ fa igi tòmátì tu, kí ẹ sun ún. Ẹ má kó o jọ sí ẹ̀bá oko. Àgbàdo ni kí ẹ gbìn tẹ̀ lé e. Ikàn kò dára, nítorí kòkòrò yìí ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ wo oko aládùúgbò yín náà. Bí ògbólógbòó tòmátì bá ṣì dúró níbẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni àfòpiná yóò fò sí lóru. Bí kò bá ráyè, ẹ bá a fà á tu.