Ìdúró Ni Ẹ̀kọ́ Kìíní

Àkòrí: "Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ wọ inú eré yíyin ìbọn sí àmì, ìdúró ni kí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ." Sọ èrò rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Láyé àtijọ́, ogun àti ọdẹ ni a mọ ìbọn mọ́. Lóde òní, yíyin ìbọn sí àmì ti di eré ìdárayá tí tọkùnrin tobìnrin ń ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó wà lára àwọn eré tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìdíje Òlíńpíìkì òde òní ní ìlú Athens ní ọdún 1896. Níbi tí eré yìí bá ti gbilẹ̀, bí i ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó wọ́pọ̀ kí ọkọ tí ó mọ̀ ọ́n fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ wọ inú rẹ̀, tàbí kí ìyàwó fẹ́ mú ọkọ wọ̀ ọ́. Ohun tí ó dára ni, nítorí àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ọmọ ejò níyà. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, kí ni kí a kọ́kọ́ kọ́ ẹni tuntun? Àwọn kan ní kí a ki ọta bọ ìbọn, kí a jẹ́ kí ó yìn ín, kí ó kọ́kọ́ tọ́ adùn rẹ̀ wò. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí. Ìdúró ni ẹ̀kọ́ kìíní, ìdí mẹ́ta pàtàkì ni mo sì fi sọ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó ka àwọn ìdí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìdúró jẹ́. Ìdúró ni bí ẹsẹ̀, ìbàdí, ẹ̀yìn, èjìká àti orí ṣe wà nígbà tí a bá gbé ìbọn sókè. Bí ẹni tí ó ń lo ọwọ́ ọ̀tún bá fẹ́ yin ìbọn gígùn lórí ìdúró, ẹ̀gbẹ́ òsì ni yóò kọ sí àmì. Yóò ya ẹsẹ̀ méjèèjì tó ìwọ̀n ìbú èjìká rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ara rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ìgúnpá òsì yóò fara ti ìhà tàbí ìbàdí, kí ó lè jẹ́ pé egungun ni ó gbé ìbọn dúró, kì í ṣe iṣan. Ìdí ìbọn yóò wọ kòtò èjìká ṣinṣin, orí yóò nàró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sì sinmi lé igi ìbọn. Ẹni tuntun kì í mọ èyí fúnra rẹ̀. Agbára apá ni ó máa ń gbójú lé, kò sì ní pẹ́ tí apá náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ní àkọ́kọ́, ẹni tí kò mọ ìdúró kò lè ba àmì, àfi bí ó bá ṣe kòńgẹ́. Nínú ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́, èyí tí afẹ́fẹ́ ń ti ọta rẹ̀ jáde, mítà 10 ni ó wà láàárín ayìnbọn àti àmì. Bí ó bá jẹ́ ìbọn gígùn, ojú àmì tí ó ní máàkì 10 kò ju ààbọ̀ mìlímítà lọ. Kò tó orí píìnì. Bí ara bá mì díẹ̀, ọta ti ṣìnà. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń dán ìdúró wò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú kọ ojú sí àmì, kí ó di ojú, kí ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì la ojú. Bí ẹnu ìbọn bá ti kúrò lọ́kàn àmì, ẹsẹ̀ ni kí ó sún. Kí ó má ṣe fi apá wọ́ ìbọn padà, nítorí ibi tí ara fẹ́ ni ìbọn yóò tún yà sí bí ó bá ń yìn ín. Ẹni tí a kò kọ́ ní èyí lè yin ọgbọ̀n ọta láìmọ ìdí tí ọ̀kan fi lọ sókè tí èkejì fi lọ sísàlẹ̀. Yóò di ẹ̀bi ru ojú àti ọwọ́ rẹ̀, yóò sì gbà pé òun kò ní ẹ̀bùn eré náà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Lọ́nà kejì, ìdúró ni ó ń lé ẹ̀rù. Ìbọn ńlá a máa ti ẹni tí ó yìn ín sẹ́yìn bí ó bá ti dún. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò tẹ̀ síwájú díẹ̀, yóò rọ orúnkún, ara rẹ̀ yóò sì gba agbára náà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a máa fà sẹ́yìn nítorí pé ìbọn wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbọn á wá gbá a léjìká tàbí lẹ́rẹ̀kẹ́, nígbà mìíràn á tì í ṣubú. Àwọn ọkọ kan wà tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ìbọn ńlá lé ìyàwó lọ́wọ́ kí wọ́n lè rí i rẹ́rìn-ín. Ìwà ìkà ni mo ka èyí sí. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ dé ibi pé ó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ kò yẹ ní ẹni tí à ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rín náà yóò tán kíá, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbàgbé. Láti ọjọ́ náà lọ, kí ìbọn tó dún ni obìnrin náà yóò ti di ojú, tí yóò sì ti gbọ̀n rìrì. Ìbọn afẹ́fẹ́ tàbí ìbọn ọlọ́ta kékeré ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ fi òfìfo rẹ̀ kọ́ ìdúró, lẹ́yìn náà kí a máa ki ọta bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Lọ́nà kẹta, ìdúró àti ìṣọ́ra kò ṣeé yà nípa. Òfin mẹ́rin ni ó yẹ kí gbogbo ayìnbọn mọ̀: kí a ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ó ní ọta, kí a má kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí a kò fẹ́ bà jẹ́, kí ìka má kan ibi tí a ń fà títí ojú yóò fi wà lórí àmì, kí a sì mọ àmì náà àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tuntun tí inú rẹ̀ dùn pé òun ba àmì a máa yí padà láti bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ rí i?" Bí ó bá ti yí padà bẹ́ẹ̀, ìbọn náà ti yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí a ti kọ́ pé kí ẹsẹ̀ òun má kúrò lójú kan títí òun yóò fi gbé ìbọn kalẹ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyin ni ọta ìbọn. Bí ó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Kí tọkọtaya náà tún wọ ìbotí àti awò ojú kí ìbọn kankan tó dún.

Àwọn alátakò lè sọ pé ẹ̀kọ́ ìdúró a máa súni, àti pé ẹni tí kò gbọ́ dídún ìbọn kò ní padà wá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìdajì wákàtí ti tó láti fi ìpìlẹ̀ ìdúró lélẹ̀, ẹni tuntun sì lè yin ọta mélòó kan lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn mìíràn ní eré yìí kò wà fún obìnrin. Ìtàn já wọn nírọ́. Ní Montreal ní ọdún 1976, nígbà tí obìnrin àti ọkùnrin ṣì ń figẹ̀ wọngẹ̀, Margaret Murdock gba máàkì kan náà pẹ̀lú Lanny Bassham. Bassham ni wọ́n fún ní wúrà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó fa obìnrin náà sókè kí àwọn jọ dúró lórí àga ẹni kìíní. Ní Barcelona ní ọdún 1992, Zhang Shan, ọmọbìnrin ilẹ̀ Ṣáínà, lu gbogbo ọkùnrin nínú yíyin ìbọn sí àwo amọ̀ tí ń fò. Nínú ìdíje Tokyo tí a ṣe ní ọdún 2021, ọkùnrin kan àti obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í díje gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kan.

Ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ tún ṣe pàtàkì. "Sún ẹsẹ̀ òsì díẹ̀" sàn ju "Kí ló tiẹ̀ ń ṣe ọ́?" lọ. Ẹ wo Frank Butler, ayìnbọn ará Amẹ́ríkà. Annie Oakley nà án nínú ìdíje. Dípò kí ó bínú, ó fẹ́ ẹ níyàwó, ó sì fi orí ìtàgé sílẹ̀ fún un, òun sì di alámòójútó rẹ̀. Annie náà kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ní ìbọn yínyìn kí ó tó kú ní ọdún 1926. Ọkọ tí kò bá ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, kí ó fa aya rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́ ní pápá tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ; nítorí náà, kì í ṣe eré ẹ̀yìnkùlé.

Ní ìparí, ìdúró ni ó ń jẹ́ kí ọta ba àmì, òun ni ó ń lé ẹ̀rù, òun ni ó sì ń dáàbò bo ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá fi sùúrù kọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ní ìdúró ti fi hàn án pé ara àti ẹ̀mí rẹ̀ jọ òun lójú ju eré lọ. Ẹni tí ó bá rí èyí ni yóò fẹ́ padà wá sí pápá. Nítorí náà, mo gbà pẹ̀lú àkòrí yìí: ìdúró ni kí a kọ́kọ́ kọ́ni, kí ọta tó dé.