Ọwọ́ Ta Ni Òṣùwọ̀n Wà?

Ní àwọn ọjà tí ó yí Abúlé Òkúta ká, láti Bàrígà dé Ṣómólú, kọ́ńgò ni wọ́n fi ń wọn gàrí. Bí ara bá fu oníbàárà, yóò yí kọ́ńgò náà wò nídìí, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Kò sí ọlọ́jà tí yóò sọ fún un pé kọ́ńgò òun kò ṣe é yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ní àwọn yunifásítì wa, òṣùwọ̀n kan wà tí a fi ń pinnu ẹni tí yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n, tí àwa kò sì lè yí wò nídìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi sọ.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1960, Eugene Garfield dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Philadelphia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti máa ka iye ìgbà tí àwọn oníwádìí bá tọ́ka sí iṣẹ́ ara wọn. Láti inú àkójọ yìí ni wọ́n ti ń fún jọ́nà ní máàkì lọ́dọọdún. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí jọ́nà kan bá tẹ àpilẹ̀kọ 40 jáde láàárín ọdún méjì, tí a sì tọ́ka sí wọn nígbà 60 ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a ó pín 60 sí ọ̀nà 40. Máàkì rẹ̀ di 1.5. Èyí wúlò fún àwọn ilé ìkàwé, kí wọ́n lè mọ jọ́nà tí ó yẹ kí wọ́n rà. Nígbà tí ó yá, àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga bẹ̀rẹ̀ sí í fi máàkì jọ́nà wọn ẹni tí ó kọ̀wé sínú rẹ̀. Ṣé ẹwà ilé ni a fi ń mọ ìwà ẹni tí ń gbé inú rẹ̀?

Ọwọ́ ta wá ni òṣùwọ̀n náà wà lónìí? Ti Garfield ti di Web of Science. Ilé iṣẹ́ Clarivate ni ó ni ín. Èkejì rẹ̀ ni Scopus, tí Elsevier gbé jáde ní ọdún 2004. Elsevier yìí kan náà ni ó ń tẹ jọ́nà tí ó ju 2,500 lọ. Ẹni tí ń ta gàrí náà ni ó ni kọ́ńgò! N kò sọ pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe déédéé, ẹni tí kò bá san owó gọbọi kò lè yẹ àkójọ náà wò fínnífínní.

Ẹ wo ohun tí èyí ń fà bá ẹ̀ka tiwa. Bí olùkọ́ kan bá fi Yorùbá kọ àpilẹ̀kọ lórí ìjálá tàbí lórí gírámà sínú jọ́nà bíi Láàńgbàsà ti Yunifásítì Èkó, àwa ni a ó kà á. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìgbéga bá dé, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, wọn yóò bi í pé, "Mélòó ni ó jáde ní òkè òkun?" Òun náà yóò lọ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí jọ́nà tí ilé ìkàwé wa kò lágbára láti rà. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ kó owó fún jọ́nà ayédèrú tí ń jẹ́ orúkọ òyìnbó, tí kì í ka iṣẹ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dun àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàdé ní San Francisco, wọ́n sì kọ ìwé àdéhùn tí a mọ̀ sí DORA, pé kí a má fi máàkì jọ́nà ṣe ìdájọ́ ènìyàn mọ́. Ní òpin ọdún 2023, Yunifásítì Sorbonne ní Paris kéde pé òun kò ní san owó Web of Science mọ́, pé òun yóò lo OpenAlex, àkójọ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọ̀pọ̀ yunifásítì fọwọ́ sí Ìkéde Barcelona, pé ohunkóhun tí a bá fi ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ ìwádìí gbọ́dọ̀ wà ní gbangba.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ nìkan kò tó. Ọ̀fẹ́ ni Microsoft Academic. Nígbà tí ó wu ilé iṣẹ́ náà ní ìparí ọdún 2021, ó tì í pa. Ohun tí a nílò ni èyí tí ó dà bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀: àwọn tí ń lò ó ni yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, wọn yóò ka ìṣirò owó rẹ̀ ní gbangba, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè dá a tà.

Ẹnìkan lè sọ pé jọ́nà ilé kò dáńgájíá. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ òkè òkun kò wo àìsàn náà sàn. Kí olóòtú kọ orúkọ ìgbìmọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ dé àti ọjọ́ tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò síta, kí gbogbo ayé rí i.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ tiwa náà. Jọ́nà tí a tẹ̀ ní Ṣómólú, tí ó wà nínú páálí ní ọ́fíìsì olóòtú, OpenAlex kò lè rí i kà. African Journals Online, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1998, tí ó sì kó wá sí Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2005, ti gba jọ́nà tí ó ju 500 lọ. Ti Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù. Kí gbogbo ẹ̀ka Yorùbá kó tiwọn lọ síbẹ̀. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ran àwọn olóòtú lọ́wọ́ láti tẹ àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé. Kí ìgbìmọ̀ ìgbéga sì máa ka iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n béèrè ẹni tí ó ṣe láǹfààní. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a kò bá wo ilé tiwa, orúkọ tí kò bá wa mu ni wọn yóò máa sọ wá.